Ọmú Tí Wọ́n Ní Wọ́n Máa Gé

Ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ń retí àkọ́bí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ṣìfáwù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Rábì ni gbogbo ènìyàn ń pè mí ní Ọ̀fà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ó sì ti pẹ́. Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́, ohun tí mò ń sọ ni kí ẹ gbọ́. Àìsàn ọmú ló ṣe mí nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ó kù díẹ̀ kó pa èmi àti ọmọ. Àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Bí èmi náà bá lọ, ta ni yóò sọ ọ́?

Ọdún tí àwọn sójà gba ìjọba padà, tí wọ́n ń lé gbogbo wa sórí ìlà níbi gbogbo, ni mo bí Rábíátù. Ọyẹ́ ṣì ń jà. Láti Ìjagbó ni wọ́n ti gbé mi wá sílé ọkọ, ní agbo ilé kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Sàláwù ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ó wà lára àwọn tó ń tún ojú irin ṣe. Ìyá rẹ̀, Àsànátù, ẹni tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, ni wọ́n ń wẹ ọmọ fún mi.

Ojú ara mi ya nígbà tí mo bí i, wọ́n sì rán an. Jíjókòó wá di ìyà. Ṣùgbọ́n nílé wa, ìjókòó ni wọ́n ti ń fún ọmọ lọ́mú. Àpótí kékeré ni wàá jókòó lé, wàá na ẹsẹ̀ méjèèjì, wàá tẹ́ ọmọ sórí itan, wàá sì tẹ̀ ba lé e lórí. Ìyá Àgbà kò gbà kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Wọ́n ní ọmú ìdùbúlẹ̀ a máa gba etí ọmọ lọ, etí náà á sì máa ṣọyún. Torí náà ìdí ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi ń jókòó, ẹ̀yìn mi á wọ́, ọrùn á wọ́, ọmọ á jìnnà sí mi, èmi á sì máa na ọmú lé e lọ́wọ́ bí ẹni ń na igbá sí alágbe. Orí ọmú nìkan ló ń rí gbá mú. Á fà á, á bọ́, á ké, á tún fà á. Rábì ń jà, èmi náà ń jà.

Ìyá Àgbà wò wá títí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ìyàwó, òótọ́ ni pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ọmọ ìkókó kọ́ ni a ní kí o bá jà á."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nígbà tí ẹ̀rín ṣì ń wá.

Nǹkan mìíràn tún wà tí wọ́n gbà gbọ́ nílé wa, bóyá ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní ọmú ọ̀tún ni oúnjẹ, ọmú òsì ni omi. Ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun kó tó mu omi. Ọ̀tún ni mo ń kọ́kọ́ gbé Rábì sí nígbà gbogbo, ibẹ̀ ló sì ń pẹ́ sí jù. Ibẹ̀ náà ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀.

Orí ọmú ọ̀tún là, bí ètè ṣe ń là nínú ọyẹ́. Bí ọmọ bá ti gbá a mú, á dà bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ fà mí lára. Mo máa ń di ẹsẹ̀ àpótí mú. Bí mo bá gbọ́ igbe rẹ̀ láti inú yàrá, àyà mi á já kí n tó dìde, nítorí mo mọ ohun tí mò ń lọ bá. Ní àárọ̀ kan mo rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ọmọ ló ń bì, mo sì figbe ta. Ìyá Àgbà sáré wọlé, wọ́n fi ìka nu ẹnu ọmọ, wọ́n wo ìka náà, wọ́n wo àyà mi, wọ́n ní, "Tìẹ ni."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibì kan le lẹ́gbẹ̀ẹ́ abíyá mi, ó le bí èkùrọ́. Ó gbóná. Ó ń wú lọ síwájú. Lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn, òtútù mú mi. Mo wọ súwẹ́tà Sàláwù, mo fi aṣọ bora lé e, eyín mi ṣì ń lu ara wọn. Tí ẹ bá rí irú èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó. Èmi jókòó, torí mi ò mọ̀.

Wọn kò fi mí sílẹ̀ o, ẹ má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú pọ̀ jù ni. Ìyá Àgbà mú òòyà onígi, wọ́n gbé e sẹ́bàá iná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n wá ń fi ya ọmú náà láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹni ń ya irun, pé kí ohun tó dì nínú rẹ̀ lè tú. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún àwọn náà nìyẹn. Mo fi aṣọ dí ẹnu ara mi kí n má bàa ké lójú ìyá ọkọ. Ìyá tèmi, Mọ́mínátù, gbé àgbo wá láti Ìjagbó, wọ́n ní ojú burúkú ni, pé ẹnì kan ti rí ọmú mi nígbà tí mo ń fún ọmọ níta. Wọ́n tún gba omi wàláà, èyí tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára pátákó, wá lọ́dọ̀ áfáà. Mo mu ún. Mo mu gbogbo ẹ̀. Ọmú náà ń wú.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọmọ. Ọ̀tún kò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́, òsì nìkan ni mo ń fún un. Ìyá Àgbà ní ebi ń pa á.

Mo ní, "Ìyá, ó ń mu ti òsì."

"Omi nìyẹn. Ṣé omi ni wọ́n fún ìwọ náà mu tó o fi tó obìnrin?"

Wọ́n po ẹ̀kọ, wọ́n tẹ́ Rábì sórí itan, wọ́n ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n ń rọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń rọ ọmọ mọ̀ ọ́n. Bó bá ké, ẹ̀kọ á lọ. Bí kò bá ké, wọ́n á dí i nímú díẹ̀ kó lè ké. Ó ké, ẹ̀kọ lọ, ó sì pá a lórí. Igbe náà dákẹ́ lójijì. Ojú rẹ̀ yí. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń dúdú, mo fẹ́ dìde, apá ọ̀tún mi kò sì gbé. Ìyá Àgbà dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n gbá a lẹ́yìn, wọ́n tún gbá a, ẹ̀kọ sì gba imú jáde. Ó sín. Ìyá Àgbà fi ẹsẹ̀ ti igbá ẹ̀kọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù mi ti yí padà. Kì í ṣe ọmú mọ́. Mo mọ̀ pé bí ọmú yìí bá kọ̀, wọ́n á tún rọ ọmọ yìí, ó sì lè má sín mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Rájí, olóòlà àdúgbò wa, kí wọ́n wá fi abẹ gún ọmú náà. Bàbá Rájí ti tú àpò wọn sílẹ̀ nígbà tí Sàláwù ti ibi iṣẹ́ dé, gírísì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kí wọn tán, ó ní, "Bàbá, ṣé abẹ tí ẹ fi dábẹ́ fún ọmọ kan láàárọ̀ yìí náà nìyí?"

Bàbá Rájí ní, "Mo ti fọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu ànàmọ́ fún yín kí ẹ jẹ. Àyà ìyàwó mi kò sí lára ohun tí ẹ ń kọlà sí."

Ìyá Àgbà bínú. Wọ́n ní ó fi ojú àwọn gbolẹ̀. Sàláwù gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì gbá ọmọ mọ́ra, ó sì ń tì wá lọ sí ọsibítù. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà ni mo mọ̀ títí dòní.

Èrò kún bẹ́ńṣì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri. Wọ́n ní gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ tò, kò sí pé ara ẹnì kan le jù. Mo fara ti ògiri. Obìnrin kan tó wà níwájú, Jọláadé, ará Ẹ̀rìn-Ilé, yíjú wò mí. Ó rí bí mo ṣe gbé apá mi kúrò lára bí ìyẹ́ adìyẹ tó ṣẹ́. Ó dìde.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ọ̀fà lẹ máa ń ní àwa ará Ẹ̀rìn-Ilé fẹ́ gbalẹ̀ yín. Ó yá, ẹ wá gba ààyè mi."

Ẹ̀rín sọ lórí bẹ́ńṣì. Mi ò tún rí Jọláadé mọ́ láti ọjọ́ náà. Bó bá wà láyé, kí Ọlọ́run bá mi kí i.

Dókítà kì í ṣe Yorùbá, ará Íńdíà ni. Kiláàkì kan tó ń jẹ́ Bọ̀dé ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Dókítà fi ìka méjì tẹ ọmú náà, mo ké. Ó sọ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Bọ̀dé kọjú sí mi.

Ó ní, "Wọ́n ní àwọn máa gé ọmú yín. Kí ẹ múra sílẹ̀ fún ọ̀la."

Mo ní, "Ẹ ní gé?"

"Gé ni wọ́n sọ, Ìyá. Ẹni tó kàn, ó yá."

Mo jáde síta. Sàláwù ń jó ọmọ mọ́ àyà. Mo ní, "Wọ́n ní wọ́n máa gé e." Ó wò mí. Ó wo ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ọkùnrin tó lé olóòlà láìbẹ̀rù, mo rí i tí itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, a sì padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún yín, bóyá ẹlòmíràn ń ro irú ẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n bá gé ọmú oúnjẹ, omi nìkan ló kù fún Rábì. Wọ́n á máa rọ ọ́. Ẹ̀kọ á pá a lórí. Èmi náà á di olómú kan, Sàláwù á fẹ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà á wá máa rọ ọ́. Mo wá yàn pé kí n kú pẹ̀lú ọmú mi méjèèjì. Bí àìmọ̀ ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn, á jókòó tì ọ́ bí ọ̀rẹ́.

Nílé, ọmú náà ń dán bí ìgò. Awọ rẹ̀ di pupa, lẹ́yìn náà ó dúdú níbì kan. Mo ń bá bàbá mi tó ti kú sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ìyá Àgbà kò dárúkọ oúnjẹ àti omi mọ́. Wọ́n kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

Ní ìdí ẹ̀rọ omi ni Ọlọ́run ti ṣí ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́, ọmọ tísà kan tí wọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Ó ti rí mi lórí bẹ́ńṣì ní ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sì rí mi mọ́. Ó bi Ìyá Àgbà léèrè bí ìyàwó wọn ṣe ń ṣe.

Ìyá Àgbà ní, "A gbé e wálé. A ò lè jẹ́ kí wọ́n gé ọmú ọmọ ọlọ́mọ."

"Ta ni ó ní wọ́n máa gé ọmú rẹ̀?"

"Bọ̀dé ni. Dókítà ló sọ fún un."

Wọ́n ní Nọ́ọ̀sì gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó bá Ìyá Àgbà wọlé, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ṣí aṣọ mi, ó sì fa èémí sínú bí ẹni tí nǹkan ta.

Ó ní, "Là ni, Ìyá Rábì. Kì í ṣe gé. Wọ́n fẹ́ là á kí ọyún tó wà níbẹ̀ lè jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'cut', ni gẹ̀ẹ́sì fi ń pe méjèèjì, Bọ̀dé sì mú èyí tó burú níbẹ̀."

Ìyá Àgbà ní, "Kí ni ìyàtọ̀? Abẹ ni, ọ̀bẹ ni."

"Mọ́mì, bí eéwo bá wà lórí yín, tí wọ́n sì là á, ṣé wọ́n ti gé orí yín ni?"

Ìyá Àgbà fọwọ́ kan orí ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Sàláwù, gbé kẹ̀kẹ́ ẹ jáde."

Wọ́n là á. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ kí n má bàa mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó jáde kún abọ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Wọ́n ki aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ibẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fà á yọ tí wọ́n ń ki òmíràn. Òwú, báńdéèjì, abẹ́rẹ́, gbogbo ẹ̀ ni a ń rà fúnra wa, Sàláwù sì ta kẹ̀kẹ́ náà. Bí mo bá ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó àwo báńdéèjì bọ̀ nínú wọ́ọ̀dù, ìtọ̀ á fẹ́ bọ́ lára mi. Nígbà tí Rábì bá sì ké, ọmú á máa sun jáde láti ojú ibi tí wọ́n là. Mo rò pé mo ti bàjẹ́ títí ayé. Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọ̀nà ni omi ọmú rí níbẹ̀, yóò dí.

Òun náà ló kọ́ mi ní bí mo ṣe máa gbé ọmọ. Ó ní, "Ṣé ẹ ti gbé adìyẹ lọ sọ́jà rí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Báwo lẹ ṣe gbé e?" Mo ní abíyá ni, ìrù sẹ́yìn, orí síwájú. Ó ní, "Ẹ gbé Rábì bẹ́ẹ̀."

Ó ká ìró sábẹ́ ọmọ kó lè ga dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìn lábẹ́ abíyá òsì, orí rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ní kí n má tẹ̀ ba ọmọ mọ́, ọmọ ni kí n fà wá sọ́dọ̀ ọmú. Kí n dúró kó ya ẹnu gbàgà bí ẹni tó ń yán, kí dúdú ọmú wọlé pẹ̀lú orí rẹ̀. Nígbà tó gbá a mú, mo di bẹ́ẹ̀dì mú, mo ń retí ìrora. Kò wá. Mo wo Nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn." Mo sunkún níbẹ̀.

Ó tún kọ́ mi ní ìdùbúlẹ̀. Fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ká aṣọ ti ẹ̀yìn rẹ, jẹ́ kí ikùn ọmọ kan ikùn rẹ. Ìyá Àgbà wo èyí, wọ́n mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bá wa jà. Wọ́n kàn ń yẹ etí Rábì wò láràárọ̀ bóyá ọyún ti ń bọ̀. Ọyún kò bọ̀.

Níwọ̀n bí apá ọ̀tún mi kò ti lè gbé nǹkan, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gbé ọmọ sí ipò. Sàláwù ló ń ṣe é. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé orí àti ìdí ọmọ, kò ní mira títí tí ọmọ á fi yó. Orúnkún rẹ̀ bó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní rélùwéè gbọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ìkókó. Bí aago iṣẹ́ bá lu, wọ́n á ní, "Ìyá Ìkókó, ọmọ ń ké." Á ní, "Ẹ ò purọ́. Kò sí nǹkan nínú tèmi, ọwọ́ ni mò ń yá wọn."

Rábì ń sanra, ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ìyá Àgbà gbé e sókè wò lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìwẹ̀. Wọ́n ní, "Bí ti òsì yìí bá jẹ́ omi, omi tí wọ́n fi po ẹ̀kọ ni." Wọn kò rọ ọ́ mọ́. Àwọn mẹ́ta tí mo bí lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò rọ èyíkéyìí nínú wọn. Gbogbo wọn ni mo gbé bí adìyẹ. Ọ̀tún náà tún ní ohun tó ń jáde níbẹ̀, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Síbẹ̀, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, títí mo fi já wọn lẹ́nu ọmú, kò sí àárọ̀ tí mi ò tẹ ọmú mi yíká pẹ̀lú ẹ̀rù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọmú bá gbóná, tó le, tí òtútù sì mú yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòyà yà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un nílé. Ẹ tètè lọ. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tó bà yín lẹ́rù níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún un sọ, kí ẹlòmíràn tún un sọ. Mo gbé ikú wálé nítorí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ṣì túmọ̀.

Mo ti darúgbó báyìí. Ìyá Àgbà ti lọ, ìyá mi ti lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Sàláwù lọ, nínú oorun, ó fi ọwọ́ rọrí. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí èrò ti tú ká, Rábì wá jókòó tì mí. Òun náà ti di ìyá àwọn ọmọ tó ti dàgbà. Ó ń sunkún pé òun kò rántí kí bàbá òun gbé òun rí, pé ojú irin ni wọ́n máa ń wà nígbà tí àwọn wà ní kékeré.

Mo ní, "O ò lè rántí. Kò sí ọmọ tó ń rántí ẹni tó gbé e sọ́mú."

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ara mi le díẹ̀. Ọmú ọ̀tún kéré ju òsì lọ, àpá kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó gùn tó ìka. Bí ọyẹ́ bá dé, á máa yún mi. Mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́ yíká láràárọ̀ kí n tó ṣe àlùwàlá. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Kò dùn mí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo ṣì fi ń sùn, ojú mi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí Sàláwù máa ń kúnlẹ̀ sí.